Àpọ́njẹ Tewé-tewé: Oúnjẹ Alẹ́ Kan láti Ilẹ̀ Éṣíà

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni a fẹ́ sọ ní alẹ́ òní. Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ èdè ni ó jókòó ti àwo ewé báyìí, tí ó fẹ́ máa sọ̀rọ̀ nípa àlùbọ́sà àti ẹran lílọ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí oúnjẹ bá rìn dé ni ọ̀rọ̀ ń bá a dé. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ oúnjẹ àjèjì dájú, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ béèrè ohun tí àwọn tí ó ni ín ń pè é.

Oúnjẹ tí mo ń sọ ni èyí tí àwọn ará Ṣáínà, Kòríà, Vietnam àti Thailand máa ń jẹ, tí wọ́n ń fi ẹran tàbí ẹja gbígbóná sínú ewé tútù, tí wọ́n ń ká ewé náà bò ó, tí wọ́n sì ń jẹ ẹ́ tewé-tewé. Ewé létúsì, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní ewé sàláàdì, ni a mọ̀ mọ́ ọn jù lọ. Àwọn ilé oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà ti sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ìdílé níbẹ̀ sì ti fi ṣe oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, nítorí pé kò gbà ju nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, àti nítorí pé wọ́n ní ó ń ṣe ara lóore. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò dáadáa. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n òtítọ́ náà kò sí níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wò.

Àwa Yorùbá kì í ṣe àlejò nínú kí á fi ewé pọ́n oúnjẹ. Ewé ni a fi ń pọ́n ẹ̀kọ, òun náà ni a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín. Kò sì sí ẹni tí ó ti dé ọjà wa rí tí kò mọ ewé eéran tàbí ewé gbódògì. Àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Bahia ní ilẹ̀ Bùràsíìlì pàápàá kò gbàgbé iṣẹ́ yìí. Títí di òní ni wọ́n ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n abará, tí í ṣe ìbátan mọ́ínmọ́ín, àti acaçá, tí í ṣe ìbátan ẹ̀kọ. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ibi wọ̀nyí, ewé kì í ṣe oúnjẹ. A ó tú u, ọmọdé yóò lá ohun tí ó bá lẹ̀ mọ́ ọn, a ó sì sọ ọ́ nù. Iṣẹ́ aṣọ ni ewé ń ṣe fún ẹ̀kọ. Wọ́n ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Ewé ẹ̀kọ kò ní irú oríire bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí ó ti wù kí ó pẹ́ lára ẹ̀kọ tó, kò ní di ẹ̀kọ láé. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀-ìṣe 'pọ́n' nìkan kò fi tó fún oúnjẹ tí a ń sọ yìí. Mo ti pè é ní àpọ́njẹ, mo sì fi 'tewé-tewé' kún un, kí ẹnikẹ́ni má ba à jókòó ti àwo kí ó máa bó ewé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí Kòríà wàyí. Ssam ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ara ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó túmọ̀ sí kí á pọ́n nǹkan ni wọ́n ti ṣẹ̀dá orúkọ náà, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ṣẹ̀dá 'ìdì' láti ara 'dì'. Olùjẹun yóò tẹ́ ewé létúsì sí àtẹ́lẹwọ́, yóò fi ìrẹsì díẹ̀ sí i, yóò fi ẹ̀là ẹran sísun kan lé e, yóò sì fi ọbẹ̀ kíki kan tọ́ ọ. Ẹ̀wà sóyà ni wọ́n fi ń ṣe ọbẹ̀ yìí. Wọ́n ti bò ó títí ó fi di bí irú wa, wọ́n sì ti po ata àti ááyù mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni yóò kó etí ewé jọ, yóò sì fi gbogbo rẹ̀ sí ẹnu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọn kì í gé e jẹ lẹ́ẹ̀mejì. Bí a bá wò ó fínnífínní, òkèlè ni, òkèlè tí a kò fi iyán ṣe. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ràn ẹnìkejì rẹ̀ lè pọ́n tirẹ̀ fún un kí ó sì fi sí i lẹ́nu, bí ìyá wa ti ń bu òkèlè fún ọmọ. Ní ọjọ́ tí òṣùpá bá kọ́kọ́ yọ ní kíkún nínú ọdún wọn, wọ́n máa ń fi ewé pọ́n ìrẹsì jẹ kí ọdún náà lè san wọ́n. Bokssam ni wọ́n ń pe ìyẹn, èyí tí a lè pè ní ìdì oríire.

Ní Vietnam, xà lách ni orúkọ létúsì. Ọ̀rọ̀ Faransé tí ó túmọ̀ sí sàláàdì ni wọ́n yá nígbà tí àwọn Faransé ń ṣàkóso ilẹ̀ wọn, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti yá tiwa lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ohun díndín ni wọ́n sábà máa ń fi létúsì àti oríṣiríṣi ewé olóòórùn dídùn pọ́n níbẹ̀, wọn a sì tì í bọ inú omi ọbẹ̀ ẹja tí wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó dùn mọ́ mi jù ni ti Hong Kong àti Guangdong, níbi tí wọ́n ti ń sọ Cantonese, èdè olóhùn bíi tiwa. Saang choi ni wọ́n ń pe létúsì. Ọ̀rọ̀ mìíràn wà nínú èdè náà tí ìró rẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí rárá àfi ní ohùn orí sílébù kejì. Bí ohùn náà bá dúró ní àárín tí ó tẹ́jú, létúsì ni. Bí ó bá ń wálẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀, ó di kí ọrọ̀ máa bí sí i. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ti jìjàkadì pẹ̀lú ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀, ẹ ó mọ ohun tí mo ń wí. Nítorí ìjọra yìí ni wọ́n fi ń jẹ létúsì nígbà ọdún tuntun wọn. Òun náà ni wọ́n máa ń so rọ̀ pẹ̀lú owó fún àwọn oníjó tí ó gbé orí kìnnìún wọ̀. Kìnnìún náà yóò já a, yóò gbé owó mì, yóò sì tu ewé rẹ̀ sí àwọn èrò. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ bí àwọn àgbà wa ti ń fi orúkọ ewé pe ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bá a dọ́gba nínú ìwúre kò ní rí èyí bí ohun àjèjì. Pierre Verger kó irú rẹ̀ tiwa jọ lọ́pọ̀lọpọ̀ sínú ìwé rẹ̀ tí ó pè ní Ewé, tí ó jáde ní 1995.

Kí a tó kúrò lórí orúkọ, ẹ jẹ́ kí n fi ìbátan kan hàn yín. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ nípa ewéko ń pe létúsì ni Lactuca sativa. Inú ọ̀rọ̀ Látìnì fún wàrà ni Lactuca ti wá, nítorí oje funfun tí ó máa ń yọ bí a bá ṣẹ́ igi rẹ̀. Ẹ̀fọ́ wa wo ni ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀? Yánrin ni. Àwọn onímọ̀ kan tilẹ̀ ti kọ yánrin sínú ìwé rí ní Lactuca taraxacifolia kí wọ́n tó máa pè é ní Launaea taraxacifolia bí wọ́n ti ń ṣe lónìí. Ọmọ ìyá létúsì ni yánrin. Kìkì pé yánrin korò díẹ̀, àwa sì ń fi egúsí sè é. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé létúsì jẹ́ ewé òyìnbó tí kò bá wa tan, ẹ rántí yánrin.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìlera. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé létúsì fúnra rẹ̀ ni oògùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá wọn 100 giráàmù ewé yìí, nǹkan bí 95 nínú rẹ̀ ni omi. Lóòótọ́, àwọn oríṣi tí ewé wọn dúdú dáadáa ní fáítámì A àti K, ṣùgbọ́n èyí tí ó ká róbótó bí kábéèjì, tí ó funfun nínú, kò ní tó wọn rárá. Ẹni tí ó bá ń jẹ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ewédú kò ní ìdí láti máa ṣe ìlara ẹni tí ń jẹ létúsì.

Níbo wá ni oore rẹ̀ wà? Ó wà ní ipò tí ewé náà gbà. Ẹ wò ó báyìí: 100 giráàmù ìrẹsì sísè ní nǹkan bí 130 kálórì, 100 giráàmù létúsì kò ju bí 15 lọ. Ewé mẹ́fà nínú èyí tí ó ká róbótó kò sì tó 100 giráàmù. Nígbà tí ènìyàn bá fi ewé mẹ́fà jẹ ẹran àti ẹ̀fọ́ ní alẹ́, ohun tí ó ń gbé ọbẹ̀ dé ẹnu rẹ̀ ti yí padà. Iṣẹ́ tí òkìtì iyán tàbí ẹ̀bà ń ṣe ni ewé ti gbà ṣe, láìmú èròjà afáralókun tí ó pọ̀ dání. Olùkọ́ tí ó jókòó ti ìwé akẹ́kọ̀ọ́ láti àárọ̀, tí yóò jẹun ní aago mẹ́jọ alẹ́, tí yóò sì sùn ní aago mẹ́wàá, kò ní oko tí yóò fi oúnjẹ yẹn ro. Bí dókítà bá sì ti sọ fún un pé ìtọ̀ ṣúgà ti ń sún mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ọ̀rọ̀ fáàrí.

Mo mọ ohun tí àwọn bàbá yóò sọ: ẹni tí kò jẹ òkèlè kò tíì jẹun. Èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni lé iyán jáde nílé. Àwọn ará Kòríà pàápàá ń fi ìrẹsì sínú tiwọn. Ṣíbí kan nínú ewé kọ̀ọ̀kan kò pọ̀ jù. Àwọn ọmọ tí ń dàgbà, ẹ bu ìrẹsì fún wọn dáadáa. Ẹni tí ó lo ọjọ́ rẹ̀ nídìí ọkọ́ tàbí nídìí bíríkì, oúnjẹ yìí nìkan kò tó o, kò sì yẹ kí a fi tàn án. Ẹni tí ó bá ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà, pàápàá abẹ́rẹ́ rẹ̀, gbọ́dọ̀ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ó tó dín èròjà afáralókun kù lójijì, nítorí pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè wálẹ̀ jù. Bákan náà ni ẹni tí ó bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì: fáítámì K inú ewé dúdú lè ta ko irú àwọn oògùn bẹ́ẹ̀ kan, kí òun náà béèrè kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ewé lọ́pọ̀lọpọ̀.

Ọ̀tá oúnjẹ yìí wà nínú ìgò. Omi dúdú tí wọ́n ń ṣe láti ara ẹ̀wà sóyà, tí a mọ̀ sí sọ́ọ̀sì sóyà, ni ó ń fún un ní adùn; iyọ̀ ni ó sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ṣíbí ìjẹun kan péré ní nǹkan bí 900 mílígíráàmù sódíọ̀mù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ohun tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó 2,000. Ẹ ó rí i pé ẹni tí ó da ṣíbí méjì sí tirẹ̀ nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ iyọ̀ ọjọ́ kan tán, bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá sì wà nínú ìdílé, a kò tíì ṣe ara lóore kankan. Nínú ilé oúnjẹ, wọ́n tún máa ń da ṣúgà àti òróró sí i. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ èyí tí a sè nílé: ọwọ́ ẹni ni ó wà lórí ìgò.

Bí a ti ń sè é nìyí, fún ènìyàn mẹ́fà. Ẹ wá ẹran adìẹ tí kò ní eegun, bí 700 giráàmù, kí ẹ sì fi ọ̀bẹ gé e wẹ́wẹ́ tó bí ẹyọ ẹ̀wà. Èyí tí ọ̀bẹ gé dùn ju èyí tí ẹ̀rọ lọ̀ lọ, nítorí pé ó ń dá dúró lẹ́nu. Ẹni tí kò bá fẹ́ ẹran lè fi wàrà sóyà tàbí olú tí a rà lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n rọ́pò rẹ̀. Ẹ gé àlùbọ́sà ńlá kan, ááyù ẹ̀là mẹ́rin, atalẹ̀ tí ó tó àtàǹpàkò, kárọ́ọ̀tì méjì àti ata ìwọ̀n tí ilé yín lè gbà. Ẹ gbé agbada kaná. Agbada tí àwọn ará Ṣáínà ń lò jọ èyí tí a fi ń dín àkàrà gan-an ni, ìdí rẹ̀ rí roboto, ẹnu rẹ̀ sì fẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó gbóná dáadáa kí ẹ tó da ṣíbí òróró kan sí i.

Ááyù, atalẹ̀ àti àlùbọ́sà ni yóò kọ́kọ́ wọlé, kí ẹ rò ó fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn èyí ni ẹran. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́: wọ́n á kó gbogbo ẹran dà sí i lẹ́ẹ̀kan, agbada yóò tutù, omi ara ẹran yóò sun jáde, ẹran yóò sì máa hó nínú omi rẹ̀ dípò kí ó máa yan. Bí agbada yín bá kéré, ẹ dín in lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí kò bá sí ibi pupa kankan mọ́ nínú ẹran náà, ẹ da kárọ́ọ̀tì sí i fún ìṣẹ́jú méjì. Ó yẹ kí ó ṣì máa ró lábẹ́ eyín. Ṣíbí ìjẹun méjì ni kí ẹ wọ̀n nínú sọ́ọ̀sì sóyà fún gbogbo ìkòkò. Kí ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ má ṣe fi ojú dá a. Kò sí iyọ̀, kò sí mágí. Oyin ṣíbí tíì kan tó. Ẹ jẹ́ kí omi rẹ̀ gbẹ tán, nítorí pé ohun tí ó bá ń kán yóò fa ewé ya. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni kí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ kan sí i, kí ẹ wọ́n àlùbọ́sà eléwé àti yànmọ̀tí yíyan lé e lórí. Kíkan ọsàn náà ni kò ní jẹ́ kí ahọ́n bèèrè iyọ̀.

Mo fi ọ̀rọ̀ ewé fúnra rẹ̀ sí ẹ̀yìn nítorí pé òun ni ó le jù. Àwọn àgbà ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ẹ̀fọ́ tí a sè ti la iná kọjá. Ewé yìí kò ní la iná kankan. Ohunkóhun tí ó bá wà nínú omi tí àgbẹ̀ fi bomi rin ín, àti lára ọwọ́ tí ó ṣà á sínú apẹ̀rẹ̀, lè bá a dé ẹnu ọmọ wa. Láti 1970 ni àrùn onígbáméjì ti dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kò sì tíì fi wá sílẹ̀; ibà jẹ̀funjẹ̀fun àti aràn náà ń gba ọ̀nà kan náà. Nítorí náà, ẹ ya ewé kọ̀ọ̀kan kúrò lára èkejì, ẹ sọ àwọn ti ìta nù, kí ẹ fi omi tí ń ṣàn fọ tinú-tẹ̀yìn ewé kọ̀ọ̀kan. Bí omi ẹ̀rọ yín kò bá ṣe é mu, omi tí a ti sè tí ó ti tutù ni kí ẹ fi ṣan án kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ilé ni ó ń rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀. Omi iyọ̀ lè mú kí kòkòrò tí a lè fojú rí jáde, ṣùgbọ́n kò ṣeé gbára lé láti pa àwọn kòkòrò àrùn tí ojú kò rí. Kí ọ̀bẹ àti pákó tí a fi gé adìẹ tútù má ṣe kan ewé rárá.

Ẹ fi aṣọ mímọ́ nu ún gbẹ. Létúsì tí ó ti rìn láti Jos wá sí ọjà Ìbàdàn tàbí Èkó sábà máa ń rọ kí ó tó dé ọwọ́ wa. Bí a bá fọ̀ ọ́ tán tí a rẹ ẹ́ sínú omi mímọ́ tí ó tutù gan-an fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, yóò tún gbéra nílẹ̀.

Bí aboyún, arúgbó, ọmọ kékeré tàbí ẹni tí ara rẹ̀ kò dá bá wà nílé, tàbí bí ibi tí ewé náà ti wá kò bá dá yín lójú, ẹ fi létúsì sílẹ̀. Ẹ mú ewé kábéèjì, kí ẹ sè é nínú omi híhó títí yóò fi rọ̀ tí yóò ṣeé ká, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, kí ẹ gé ọ̀pá líle àárín rẹ̀ kúrò. Èyí kì í ṣe àfidípò tí mo hùmọ̀. Àwọn ará Kòríà fúnra wọn ń fi kábéèjì tí a fi ooru sè jẹ ssam, èmi sì fẹ́ràn rẹ̀ ju létúsì lọ.

Ẹ gbé ẹran sínú àwo kan, ewé sínú òmíràn, ìrẹsì díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí gbogbo ilé fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kí kálukú sì máa pọ́n tirẹ̀. Ẹ̀kún ṣíbí kan tó fún ewé kan. Ọmọ tí ó bá rọ́ ọ kún yóò rí i tí yóò dà sí i láyà. Bí ìyá àgbà bá wà níbẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ọmọ tí ó sún mọ́ wọn ni kí ó máa pọ́n ọn fún wọn. Bí ẹran bá ṣẹ́ kù, ẹ tètè gbé e sínú fìríìjì, kí ẹ jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ sì tún un gbé kaná kí ó gbóná dáadáa. Ẹ má ṣe pọ́n ọn sílẹ̀ mọ́jú: omi ẹran yóò ti rọ ewé, kò sì ní ṣeé gbé dé ẹnu. Ẹni tí yóò bá gbé e lọ sí ibi iṣẹ́ ní ọjọ́ kejì, kí ó di ewé lọ́tọ̀, kí ó di ẹran lọ́tọ̀, kí ó máa pọ́n ọn nígbà tí ó bá jókòó tì í.